Omi Ewúro Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ológbò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹnikẹ́ni tó bá fi ọjọ́ kan jù mí lọ lágboolé lè rán mi níṣẹ́ kó sì bínú pé mo pẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé ní Ìjàyè, l'Abẹ́òkúta níbí. Ìyá ni mò ń pè é. Bàbá mi gan-an wà ní Ewékorò, òkúta ló ń fọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò mi nínú yàrá kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá kí n lè rí ilé ìwé lọ, kí òun náà sì lè rí ẹni bá a pọnmi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Omi tí mo pọn kò lóǹkà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé irú agboolé bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Yàrá mẹ́rìndínlógún, ilẹ̀kùn mẹ́rìndínlógún, kò sì sí èyí tí wọ́n ń tì lójú ọ̀sán. Kí n tó rún orín láàárọ̀, mo ti gbá iwájú ilé, mo ti kó eérú àná kúrò lójú ààrò, mo sì ti lọ sí kànga lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn àkàrà á ti ẹ̀yìnkùlé wá bá mi níbi tí mo dúró sí, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí kò tíì parí iṣẹ́ kì í jẹ ẹ́. Bí a bá ti ilé ìwé dé, láfún gbígbóná àti ọbẹ̀ ilá ló ń dúró dè wá, ẹja ṣàwá kan á sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, òkòtó ló kù. Mo mọ òkòtó ta débi pé mo ti ta á wọnú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó ilé kan rí. Lọ́jọ́ náà mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo kọjú sí ògiri títí mo fi dá gbogbo kòkòrò tó ń gbé inú ògiri náà mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ológbò wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ológbò ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kò lórúkọ. Iṣẹ́ eku pípa ló bá wá, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, kò ní jẹun. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, á rọra lọ síbi tí a kò mọ̀. Ó lè tó ọjọ́ kẹta kí ẹnì kan tó béèrè pé, "Ológbò yẹn dà?" Ẹlòmíì á ní, "Ti dúdú ni àbí ti funfun?" Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Àìsàn èèyàn ni kì í parí síbẹ̀. Ìyá ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn míì ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń lọ sí ọsibítù. Láàárín oṣù, èèrà ni dókítà rẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé èèrà. Ní àràárọ̀, mo máa gbé póò tó tọ̀ sí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo máa dà á sídìí igi ìbẹ́pẹ, mo máa wá lóṣòó tì í. Bí èèrà bá wá mu nínú rẹ̀, ṣúgà ti pọ̀ lára nìyẹn. Bí wọn ò bá wá, ara ti ń balẹ̀. Ìyá á jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa retí mi.

"Wọ́n ti dé, Ìyá."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé."

"Kò burú. Lọ já ewúro wá."

Màá já ewúro, màá fún un, màá sẹ́ ẹ, á wá ku ife kan omi ewé tó ń hó lójú. Ìyá á di ojú kan, á gbé e mu láìmí. Lẹ́yìn ìyẹn, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kàn, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí èèrà á fi gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Inú àwo kan náà la sì jọ ń jẹun, nítorí náà àtọ̀gbẹ Ìyá ni àtọ̀gbẹ mi.

Mi ò ní purọ́, àmàlà yẹn wà lára ohun tó sún mi dé ìdí ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá ló jù. Bí mo bá ti sọ pé wọ́n ti dé, ojú rẹ̀ á ṣú, kò sì ní bá mi ṣeré mọ́ di ọjọ́ kejì. Ní tèmi, ọgbọ́n ọmọdé mi sọ fún mi pé bí èèrà kò bá wá, àrùn kò sí. Ọmọ tó ń kó eérú láràárọ̀ sì mọ ohun tí èèrà kò fẹ́. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo da ìtọ̀ náà tán, mo bu eérú, mo fi yí ìdí igi ìbẹ́pẹ ká, ó nípọn bí ọ̀já.

"Wọn ò wá, Ìyá."

"Ọ̀kan ṣoṣo ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ò wá."

Ìyá wúre fún mi títí mo fi rò pé mo ti di dókítà. Ó fi ṣúgà sí ògì, ó din dòdò, èmi àtiẹ̀ sì jẹun bí ẹni tó ń ṣọdún. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣọdún náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tojú oorun bọ̀, kò sì lè dìde. Gbogbo yàrá tú síta. Ẹnì kan mú ẹní wá, ẹnì kan gbé orí rẹ̀ lé itan, ẹnì kan sáré lọ pe ọkọ̀, àwọn tó kù ń bi ara wọn pé, "Kí ló jẹ?" Èmi tí mo mọ ohun tó jẹ wà lẹ́yìn àmù, mo ti ká ara mi kò bí ìgbín.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n gbé e padà wálé láti ọsibítù. Àwọn ará ilé ń wọlé kí i, wọ́n ń jáde, èmi nìkan ni mò ń fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tó wá ku àwa méjì, ó pè mí. Mo kúnlẹ̀ fúnra mi, mo na ọwọ́ sókè fúnra mi, mo sì jẹ́wọ́ láti orí eérú àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn.

"Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í wo àrùn o, ó kàn máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, àrùn á sì máa dàgbà nísàlẹ̀ níbẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, èmi náà ló tún ní kí n gbé póò. Kò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ó rò pé ẹni tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́ kò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Tírélà sìmẹ́ńtì ni mo fi ọjọ́ ayé mi wà. Bíréèkì já mọ́ mi lẹ́sẹ̀ rí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo wọ́ ọkọ̀ náà wọ inú oko ẹ̀gẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra ẹ̀pà jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí ẹ tó gbọ́ bí ìtọ̀ ológbò ṣe lé mi.

Ìyàwó mi ló gbé Àníkẹ́ wálé láti ọjà, nínú páálí, nígbà tí eku fẹ́ jẹ àpò ìrẹsì wa tán. Òun ló sọ ọ́ ní Àníkẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé ológbò náà ń jẹ́ orúkọ èèyàn ni?" Ó ní kí n lọ wá eku pa fúnra mi nígbà náà. A ò bímọ. Ọmọ àwọn àbúrò mi ló ń pè mí ní Àńkù, wọ́n sì pọ̀, ti Kánádà wà níbẹ̀, ti Èkó wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí láti ọdún mélòó kan, ilé tí a kọ́ sí Ìbarà wá ku èmi àti Àníkẹ́. Láàárọ̀ a ó jọ jẹ búrẹ́dì. Mo máa rì í bọ tíì olómi mílíìkì, mo máa ju díẹ̀ sí i. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba, òun ló ń gbọ́.

Ìgbà òjò tó kọjá ni mo ṣàkíyèsí pé àwo omi rẹ̀ kì í ní omi mọ́. Mo bá bu sí i, ó gbẹ. Ó ń jẹun, síbẹ̀ mo ń fọwọ́ ka egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kò wá lè dé orí yanrìn tí mo kó jọ fún un mọ́ kó tó tọ̀, orí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ṣe é sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo rí wọn. Wọ́n tò láti ìdí ògiri dé ibi tí ó tọ̀ sí. Mo di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Kí ni àgbàlagbà ṣe? Ó wá omi ọṣẹ, ó fọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tètè jí kí n lè fọ̀ ọ́ kí èèrà tó débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi àti èèrà fi ń sáré ìje lórí sìmẹ́ńtì, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìmọ́tótó ni. Mo mọ̀ pé dókítà ẹran wà nílùú. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá lọ, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì sọ ọ́, Àníkẹ́ á ṣì wà.

Nígbà tó ń rù sí i, mo ní kí n kúkú tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú àtọ̀gbẹ, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Mo já ewúro, mo fún un, mo sẹ́ ẹ. Mo ro àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ sínú àwo rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó lọ jókòó. Mo bá fi tawẹ̀lì wé e, mo fi ṣíbí da omi ewúro sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, itọ́ yọ fóòmù, èékánná wọ ọwọ́ mi, tawẹ̀lì lọ síbì kan, ṣíbí lọ síbì kan, Àníkẹ́ sì fo ògiri.

Kò padà wálé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò wá ní ọjọ́ kejì. Mo ń rìn lójú títì, mo ń pè, "Àníkẹ́! Àníkẹ́ o!" Obìnrin kan tó ń kọjá dúró.

"Ẹ pè mí, sà?"

"Rárá o, ológbò mi ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo pe ọmọ àbúrò mi tó wà l'Ékòó, bóyá ọ̀rọ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. "Àńkù mi," ó ní, "ẹ ra òmíràn, ológbò ò wọ́n." Ọmọ dáadáa ni, kò mọ ohun tó ń sọ ni. Mo ní ó dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. Láàárọ̀ mo gé búrẹ́dì sí méjì kí n tó rántí. Mo gbé ìdajì kejì síbẹ̀, mo ń wò ó. Ilé tí ẹ bá ti ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń rìn láàárọ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti tóbi ju ẹnì kan lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ohùn kan ti òdì kejì ògiri wá. Àlàájà ni, aládùúgbò mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú.

"Bàbá! Ẹ wá gbé ìyàwó yín o! Orí ẹrù àdìrẹ tí mo fẹ́ kó lọ sọ́jà ló tẹ́ ibùsùn sí!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Àníkẹ́ wà lórí aṣọ lóòótọ́, ó ń gbọ̀n. Àlàájà ní, "Kí lẹ fi ṣe é?" Mo sọ fún un. Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ewúro? Fún ológbò? Ẹ ò kúkú fi ẹ̀gúsí sí i, kẹ́ ẹ sè é lọ́bẹ̀!"

"Àlàájà, ẹ má bínú aṣọ yín."

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé dókítà ẹran wà ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún obìnrin tí òun kò mọ̀ ju ìkíni orí ògiri lọ pé ẹ̀rù ń ba òun? Àmọ́ ó dà bíi pé ó rí i. Ó rọra gbé Àníkẹ́ lé mi lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbé e sínú páálí lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú tasí, ó ké láti Ìbarà títí a fi débẹ̀, awakọ̀ sì ń bi mí pé, "Bàbá, ọmọ ta lẹ gbé sínú páálí?"

Dókítà náà kò dàgbà ju ọmọ àbúrò mi kan lọ. Mo sọ ti ewúro àti ògiri fún un. Ó gún etí Àníkẹ́ díẹ̀, ó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, ó ní, "Ó ga, sà." Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ ajá.

"Àtọ̀gbẹ ni?"

"Ó lè jẹ́. Ó sì lè má jẹ́. Ẹ̀rù nìkan máa ń gbé ṣúgà ológbò sókè, sà. Èyí tí wọ́n fún ní ewúro, tó fo ògiri, tó tún wá wọ tasí, ẹ fojú inú wò ó."

"Àwọn èèrà tí mo rí ńkọ́?"

"Bàbá, èèrà kì í ṣe dókítà. Kí ló máa ń jẹ?"

"Búrẹ́dì. Tíì. Mílíìkì díẹ̀."

"Oúnjẹ tiyín kọ́ ni mo bi yín o."

"Oúnjẹ àwa méjèèjì ni."

Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin náà wò láìpẹ́?"

Mo ní èmi kọ́ ni mo wá fún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò bá mi jiyàn. Ó fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbé lọ sí Ìbàdàn, ó ní ìyẹn ló máa sọ bí ṣúgà ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, pé ẹ̀rù ọjọ́ kan kò lè tan ìyẹn jẹ. Kí n máa fún un ní ẹja, kí tíì parí. Bí ó bá wá jẹ́ àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi omi gún ọsàn kan wò. Ọwọ́ tó di ìdarí tírélà mú fún ọgbọ̀n ọdún ń tàsé ọsàn. Ní ìgbà kẹrin ni mo tó gún un bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ìwé kan láti kọ nǹkan sí. Orúkọ ẹran: mo kọ ọ́. Orúkọ ẹni tó ni ẹran: mo kọ ọ́. Orúkọ ẹnì kejì tó lè fún un ní abẹ́rẹ́ bí ẹ kò bá sí nílé: mo gbé bírò dúró. Mo ń ronú, àwọn aláìsàn mìíràn ń gbó ní ẹ̀yìn mi. Dókítà ní, "Ẹ mú u lọ sílé, sà, kò sí wàhálà."

Ọjọ́ méjì ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì. Ti Kánádà ò lè wá gún un. Ti Èkó ò ní wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo gbọ́ pé Àlàájà ti ti ọjà dé, mo wọ bàtà gidi, mo gba ẹnu ọ̀nà lọ bá a. Mo ṣàlàyé.

"Abẹ́rẹ́? Èmi? Èmi tí mo ń sá fún abẹ́rẹ́ ara mi?" Ó wo apá ilé mi, ó wò mí. "Tí mo bá wà nílé ṣá o. Ẹ mọ̀ pé ọjà ò kí ń jẹ́ kí n gbélé."

"Kí ni kí n kọ?"

"Sí ibo?"

"Síbi orúkọ yín."

"Bàbá! Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń kí mi láràárọ̀!"

"Àlàájà ni mò ń kí."

"Sìdíkátù," ó ní. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bàbá Ológbò la máa ń pè yín níbí." Mo sọ tèmi fún un. A dúró síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé méjì tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ ara wọn, lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ gbé ìkòkò kaná, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tiwa, ohun tó ń súni nínú àìsàn ni pé wọn ò jẹ́ kí èèyàn dá a ṣe. Gbogbo ayé ló ń dá sí i, wọ́n á béèrè ohun tí o jẹ, wọ́n á béèrè àwọ̀ ìgbẹ́ rẹ, ẹni tí o kò ní kó wá á wá, á jókòó pẹ́. A máa ń kùn, a máa ń ní kí Ọlọ́run fún wa ní ilé tiwa. Ó ti fún wa. Wọ́n fi irin ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ wa mọ́, àwa ni a sì ń wá ẹni tó máa dá sí i, tí a ń gbé ìwé kiri.

Ọjọ́bọ̀ ni èsì máa ti Ìbàdàn dé. Àníkẹ́ ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo kàn mọ̀ pé bí fóònù bá dún, màá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rù tó ráyè dìde.